Ilé-ìwé ní ọmọ wa lè yọwọ́ nínú Áíríìṣì: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Áyálándì, kí lẹ rò?

Ìyá Fèyí, Limerick

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọ̀tútù. Oṣù kẹjọ la dé Limerick láti Ìbàdàn, iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá. Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 13, Fèyí àbúrò rẹ̀ jẹ́ 8. Nígbà tá a lọ forúkọ ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ ní girama, ọ̀gá ilé-ìwé ní níwọ̀n ìgbà tó ti lé ní ọdún 12 kó tó dé, tí kò sì fojú kan èdè Áíríìṣì rí, a lè kọ lẹ́tà kí wọ́n fún un ní ìwé ìyọ̀ǹda, kò ní í ṣe é títí táá fi jáde. Ti Fèyí ò sí nínú ìyẹn, òun á ṣe é ní dandan.

Bàbá wọn ní ká gbà á lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí ni ọmọ tó ń bá ìṣirò wọ̀yá ìjà fẹ́ fi èdè tí àwọn onílé gan-an kì í sọ ṣe. Òótọ́ ni, mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú bọ́ọ̀sì tàbí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ojú ò kúrò lára rẹ̀: bọ́ọ̀sì ń kọ Luimneach síwájú, ìyẹn Limerick, ọkọ̀ ọlọ́pàá ń kọ Garda, olórí ìjọba wọn ń jẹ́ Taoiseach kódà nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì.

Ti Fèyí wá tún dá kún un. Áàpù orí fóònù kọ́ ọ pé tó bá fẹ́ béèrè àlàáfíà èèyàn, kó ní "Conas atá tú". Ó lọ sọ ọ́ fún tíṣà rẹ̀, tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní Donegal lòun ti wá, "Cad é mar atá tú" làwọn ń sọ. Obìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́ ní kíláàsì, ará Galway, ní "Cén chaoi a bhfuil tú" ni tòun. Ọmọ délé, ó ní, "Mọ́mì, èwo gan-an ni Áíríìṣì?" Mo ní kó lọ jẹun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

SọjíD15, Dublin

Ẹ gbà á, ẹ má wo ẹ̀yìn. Leaving Cert tó wà níwájú yẹn, ìdánwò àṣejáde girama, kóòsì mẹ́fà tó bá ti ṣe dáadáa jù ni wọ́n máa ń ka máàkì rẹ̀ fún yunifásítì. Ìṣirò onípele gíga tún ní máàkì 25 tí wọ́n máa ń fi jíǹkí ẹni tó bá yege. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó forí lé.

Tíṣà Bọ́lá, Kildare

Mọ́mì Fèyí, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ mọ ibi tó lè dínà mọ́ ọn. Ẹni tó bá máa di olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí gbọ́dọ̀ gbọ́ Áíríìṣì, kò sí àbùjá. Yunifásítì tó wà lábẹ́ NUI (National University of Ireland), bíi UCD ní Dublin, Cork, Galway àti Maynooth, ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọ̀ǹda fún ẹni tí wọ́n bí sí òkè òkun. Iṣẹ́ ọlọ́pàá kì í fi ṣe dandan mọ́ láti 2005. Ní ti iṣẹ́ ìjọba, òfin 2021 sọ pé tó bá fi máa di 2030, nínú ogún èèyàn tí wọ́n bá gbà tuntun, mẹ́rin gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù náà ń wá ògbufọ̀, torí láti oṣù kìíní 2022 ni èdè yìí ti wà ní ipò kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù lọ́dọ̀ wọn.

Ìyẹn ni ti ìwé. Ti ilé ẹ̀yin le mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì Conamara

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Conamara, ìwọ̀-oòrùn Galway. Ẹni tó bá ní àwọn onílé kì í sọ Áíríìṣì, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Gaeltacht ni wọ́n ń pe àwọn àgbègbè tí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé. Etíkun ìwọ̀-oòrùn ló pọ̀ sí jù, ní Donegal, Mayo, Galway àti Kerry, ó sì kù díẹ̀díẹ̀ ní Cork, Waterford àti Meath. Pátákó ojú títì tiwa ò ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kankan lára. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, bí máàpù fóònù ò bá sí, mi ò bá ti sọnù.

Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tí àrùn ìgbàgbé ti mú. Àwọn ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé ó ṣiṣẹ́ ìkọ́lé ní London títí tó fi gba ìfẹ̀yìntì, Gẹ̀ẹ́sì dá lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì yẹn ti lọ. Tí mo bá gbé oògùn dé, tí mo ní kó la ẹnu, á pa eyín dé, á máa wò mí. Ọmọ abúlé yẹn kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́ mi ní gbólóhùn bíi mẹ́ta: "oscail do bhéal", kó la ẹnu, "ól braon uisce", kó mu omi díẹ̀, "maith an fear", èyí tí wọ́n fi ń yin ọkùnrin tó bá ṣe dáadáa. Mo fi ahọ́n Ìjẹ̀ṣà sọ ọ́ bó ṣe gbà. Bàbá la ẹnu, ó gbé oògùn mì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi tàkúrọ̀sọ lọ ràì. "Cailín maith" nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀, ó ní ọmọbìnrin dáadáa ni mí. Èmi tí mo ti bímọ mẹ́ta!

Ó wúlò fún mi lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò wá ní kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Limerick lọ máa kọ́ ọ torí tèmi.

ÒótọKorò

Ẹ jẹ́ ká fi iye sọ ọ́. Ìkànìyàn 2022: 1,873,997 ló ní àwọn lè sọ Áíríìṣì, ìyẹn 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó pọ̀, àbí? Ẹ wá wo àwọn tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ níbi tí kì í ṣe ilé-ìwé: 71,968. Nínú ìwọ̀nyẹn, 20,261 péré ló ń gbé ní Gaeltacht tí Nọ́ọ̀sì ń sọ yẹn. Nínú gbogbo àwọn tó ní àwọn gbọ́ ọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ní àwọn gbọ́ ọ dáadáa gan-an.

Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1937 sọ pé Áíríìṣì ni èdè àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ìkejì. Tí ẹ̀dà méjèèjì òfin náà bá tako ara wọn, ti Áíríìṣì ló lékè. Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá tan tẹlifíṣọ̀n sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ara wọn. Ọmọ ń kọ́ ọ láti ìgbà tó ti wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tó fi jáde ní girama, bó bá jáde, "ṣé mo lè lọ ilé ìyàgbẹ́" ló kù lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ara ni, kì í ṣe èdè. Kí ọmọ wa má fi ṣòfò.

Bàbá Àgbà Cork

Àbúrò mi ÒótọKorò, o ka iye wọn, o ò sọ ohun tó sọ wọ́n di iye yẹn.

Èdè àwọn tálákà ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù ni Áíríìṣì nígbà tí àrùn wọ inú pòtétò ní 1845. Ìyàn tó tẹ̀ lé e pa nǹkan bí mílíọ̀nù kan, ó sì lé àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan sínú ọkọ̀ ojú omi. Ibi tí ebi ti pa wọ́n jù náà ni ibi tí èdè yẹn ti lágbára jù. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1851, àwọn tó ń sọ ọ́ ṣì lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ará ìlú. Gbogbo ìyá tó bá wo ọmọ rẹ̀ nígbà náà ló mọ̀ pé Boston tàbí Liverpool ni yóò ti rí oúnjẹ jẹ. Ta ló fẹ́ fi Áíríìṣì ránṣẹ́ sí Boston?

Ilé-ìwé ìjọba ti wà láti 1831, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni. Igi kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní bata scóir, wọ́n á so ó mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ìgbàkígbà tó bá sọ Áíríìṣì, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé àmì sí i lára. Tó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á ka àmì, wọ́n á fi pàṣán ka iye rẹ̀ sí i lára. Èyí tó dùn mí jù ni pé òbí náà lọ́wọ́ sí i. Nílé ni wọ́n ti ń gé òmíràn.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé ọba Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ṣe é. Ní 1366, wọ́n ṣe òfin ní Kilkenny pé kí àwọn àlejò Gẹ̀ẹ́sì má sọ Áíríìṣì mọ́. Ẹ rí i? Èdè yẹn ló ń gbé àlejò mì nígbà náà. Nígbà tó wá kan Daniel O'Connell, akọni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì tó tóbi jù ní Dublin, ọmọ Kerry tó mu Áíríìṣì lọ́mú, òun fúnra rẹ̀ sọ pé kò dun òun bí wọ́n bá ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló wúlò fún ayé ìsinsìnyí. Ẹni tó wá dìde pé kí wọ́n gbé e dìde ni Douglas Hyde, ọmọ àlùfáà Pùròtẹ́sítáǹtì, tó kọ́ ọ lẹ́nu àwọn mẹ̀kúnnù Roscommon. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Conradh na Gaeilge, ẹgbẹ́ tó ń jà fún èdè náà, sílẹ̀ ní 1893. Ó kúrò níbẹ̀ ní 1915 nígbà tí òṣèlú ti gba inú rẹ̀. Síbẹ̀ òun náà ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ ní 1938.

Àdùkẹ́ Ẹ̀gbá

Igi yẹn! Páálí ni tiwa l'Ábẹ́òkúta. "Vernacular" ni wọ́n kọ sí i. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á máa ṣọ́ ẹlòmíì tó máa ṣi ẹnu sọ Yorùbá, kó lè bọ́ ọ sí i lọ́rùn. A di ọlọ́pàá ara wa. Àwa náà là ń kọ́ ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì nílé báyìí o, ká má tan ara wa.

SọjíD15, Dublin

Ìtàn dùn. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó máa fún ọmọ náà ní máàkì.

Ṣèyí Ìkéré, Maynooth

Ẹ kú ìjíròrò. Ìbéèrè Fèyí ló ká mi lára, torí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo kà ní Ifẹ̀ kí n tó wá síbí. Ẹ bá mi sọ fún un pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Áíríìṣì.

Ẹ̀ka-èdè ńlá mẹ́ta ló ṣẹ́kù: Munster ní gúúsù, Connacht ní ìwọ̀-oòrùn, Ulster ní àríwá. Ìkíni nìkan kọ́ ni wọ́n fi yàtọ̀. Pòtétò tí Bàbá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí àwa ń pè ní "Irish" lọ́jà Bódìjà, "práta" ni wọ́n ń pè é ní Munster, "fata" ní Connacht, "préata" ní Ulster. Ará Kerry á lẹ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, á ní "táim". Ará Donegal á yà wọ́n, á ní "tá mé". Ará Munster tún máa ń tẹ ìparí ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí àwọn yòókù ti ń tẹ ìbẹ̀rẹ̀. Tí etí yín bá ti mọ ìyẹn, ẹ ò ní í béèrè ibi téèyàn ti wá mọ́. Àríwá Mayo wà ní Connacht lórí máàpù, ṣùgbọ́n ahọ́n wọn fà sí ti Ulster, torí àwọn tó ṣí wá láti ibẹ̀ láyé àtijọ́.

Ìjà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ le. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa tẹ ìwé jáde níparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn kan ní èdè akọ̀wé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni kí wọ́n padà sí, irú èyí tí Seathrún Céitinn kọ. Fadá kan láti Cork, Peadar Ua Laoghaire, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ohun tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn ni kí wọ́n kọ. Òun ló borí. Ẹnu ta wá ni? Ó ṣe díẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹnu Munster tirẹ̀ ló gbayì jù nínú ìwé. Nígbà tó di 1958, àwọn atúmọ̀ èdè ilé ìgbìmọ̀ gbé An Caighdeán Oifigiúil jáde, gírámà àti àkọtọ́ tí wọ́n ṣà jọ láti ara mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò nìyí. Tiwa rí Ọ̀yọ́ àti Bíbélì tí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ fẹ̀yìn tì. Ọmọ Èkìtì, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbogbo wa gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi dà bí ilé. Bíbélì Áíríìṣì náà wà. Májẹ̀mú Láéláé tí Bíṣọ́ọ̀bù Bedell bẹ̀rẹ̀ jáde ní 1685, àmọ́ Pùròtẹ́sítáǹtì ló ṣe é, àwọn tó ń sọ èdè náà sì jẹ́ Kátólíìkì, wọn ò fọwọ́ gbà á. Torí náà Caighdeán wà nínú ìwé. Kò sí abúlé tí ìyá ti ń fi í bá ọmọ wí.

Láàárín 1928 sí 1931, ìjọba ní kí Wilhelm Doegen, ará Jámánì, gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ káàkiri, títí dé àgbègbè tí ẹ̀ka-èdè wọn ti parẹ́ báyìí. Ìtàn ọmọ onínàákúnàá ni wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ, kí wọ́n lè fi wéra. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti jókòó gbọ́ ọ dòru. Lẹ́nu àgbà kan báyìí, bàbá nínú ìtàn yẹn ń sáré pàdé ọmọ rẹ̀, ẹ ò ní í gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ ibi tó dé.

Ẹ jẹ́ kí Fèyí lọ sórí teanglann.ie. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á pè é fún un ní ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tíṣà tó rẹ́rìn-ín yẹn náà mọ̀ pé nínú ìdánwò àfetígbọ́ Leaving Cert, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n máa ń lò.

Ọmọ Ìkàrẹ́

"Ó dà bí ilé" ti ta? Tíṣà Yorùbá wa ní girama máa ń gba máàkì lọ́wọ́ wa tá a bá sọ ti Àkókó sínú àròkọ. Ó ní ìyẹn kì í ṣe Yorùbá. Ìyá mi tí kò sọ nǹkan míì láyé rẹ̀, kí ló ń sọ nígbà náà?

Ṣèyí Ìkéré, Maynooth

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbá mi mú níbẹ̀. Ará Èkìtì ni mí, ojú mi náà rí i.

ÒótọKorò

Ṣèyí ti gbèjà mi láìmọ̀. Èdè tí ìjọba ń san owó lé lórí jẹ́ èyí tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ọmọ Dublin tó fi Caighdeán kí ará Conamara, tí onítọ̀hún fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ta ló ni èdè náà nígbà yẹn?

Nọ́ọ̀sì Conamara

Òótọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń dun ọmọ Dublin yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti ẹnìkejì. Ó ti rẹ̀ ẹ́ látàárọ̀, àwọn àlejò tó wá fi í dánra wò ń tò wá. Wọ́n tún ti ra ilé tó yẹ kí ọmọ rẹ̀ rà, wọ́n fi ṣe ilé ìsinmi tí wọ́n máa ń ti pa ní gbogbo ọ̀gìnnìtìn. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n níbí ohun tó ń pa èdè, owó ilé ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ kí wọ́n tó kan ilé-ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ dúró, wọn ò ríbi gbé.

Èmi ò rò pé wọ́n á kọ̀ bí èèyàn bá fi tinútinú bi wọ́n. Ọgọ́rùn-ún méje ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ yìí, àwọn náà ló kọ́ mi.

Wálé Takisí, Tralee

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Dingle, torí ọ̀nà mi ni. Ìlú náà wà ní Gaeltacht Kerry, owó àlejò ló ń jẹ. Ìjọba ṣòfin pé láti 2005, orúkọ Áíríìṣì nìkan ni kó wà lójú pátákó ní Gaeltacht, "An Daingean" lórúkọ tí wọ́n fún un. Ìlú gbiná. Àwọn onílé ìtura ní àlejò láti Amẹ́ríkà ń wá Dingle, wọn ò ní í rí i. Àwọn kan fi ọ̀dà kọ Dingle sórí pátákó lóru. Àwọn tó gbọ́ Áíríìṣì gan-an tún ní ti ìjọba yẹn ò pé, "Daingean Uí Chúis" ni bàbá àwọn ń pè é. Wọ́n dìbò ní 2006, wọ́n ní méjèèjì làwọn fẹ́, Dingle àti Daingean Uí Chúis. Ó di 2011 kí òfin tó gbà fún wọn.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn èdè wọn, wọn ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni láti Dublin wá sọ ọ́ lórúkọ fún wọn.

Kẹ́hìndé Belfast

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀, eré lẹ̀ ń ṣe. Lọ́dọ̀ wa ní àríwá, tó ṣì wà lábẹ́ ìjọba London, tí ẹ bá fẹ́ sọ "Go raibh maith agat", ìyẹn ẹ ṣé, fún ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àsíá tó wà lórí òpó iná àdúgbò, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ti Áyálándì ni wọ́n ń ṣe àbí ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1969, àwọn ìdílé díẹ̀ kọ́ ilé sí Shaw's Road ní ìwọ̀-oòrùn Belfast kí wọ́n lè jọ máa sọ Áíríìṣì. Wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní 1971 láìgba àṣẹ. Ó di 1984 kí ìjọba tó dá a mọ̀. Láti ìgbà yẹn ni ó ti ń gbilẹ̀. Àmọ́ nítorí pé Kátólíìkì ló ń ṣe é jù, tí àwọn tó lọ sẹ́wọ̀n nítorí ogun tó jà níbí láàárín apá méjèèjì kọ́ ọ lẹ́wọ̀n, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì púpọ̀ gbà pé ti ọ̀tá ni. Ní 2021, wọ́n fẹ́ ṣí jẹ́lé-ó-sinmi Áíríìṣì kan ní ìlà-oòrùn ìlú, ariwo tí wọ́n pa ló lé wọn lọ síbòmíì.

Ní ìlà-oòrùn kan náà yẹn, obìnrin Pùròtẹ́sítáǹtì kan, Linda Ervine, ti ń kọ́ni ní Áíríìṣì láti 2011. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n wo orúkọ ara wọn àti ti àdúgbò wọn, Áíríìṣì ló kún inú rẹ̀. Belfast fúnra rẹ̀, Béal Feirste ni. Òfin tó fún èdè náà ní ipò jáde láti London ní ìparí 2022, ó fún Ulster Scots, èdè tó ti Scotland wá, náà ní tirẹ̀, ó sì pa òfin 1737 rẹ́, èyí tó ní kí wọ́n má lo èdè míì ní kóòtù àfi Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ọmọ mi ní òun fẹ́ kọ́ ọ, aládùúgbò mi béèrè, ó rọra ni o: "Kehinde, ṣé apá ibẹ̀ yẹn lẹ wà ni?" Mo ní apá Òṣogbo ni mo wà.

Kúnlé Athlone

Ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ilẹ̀ yìí ni gbogbo yín ń yí po. Ẹ jẹ́ kí n là á. Ní oṣù kẹfà 2004, wọ́n dìbò láti yí òfin ìpìlẹ̀ padà kí ọmọ tí àlejò bí síbí má baà di ọmọ onílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Aboyún wa ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé ìròyìn nígbà náà, ẹni tó wà níbí á rántí. Kò sẹ́ni tó béèrè Áíríìṣì lọ́wọ́ àwọn tó dìbò.

Ní 2007, Portlaoise fi Rótìmí Adébárí, ọmọ Òkè-Ọdán, ṣe olórí ìlú, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́ ní gbogbo Áyálándì. Áíríìṣì kọ́ ló gbé e débẹ̀, ẹsẹ̀ tó fi ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà ni. Kí ọmọ kọ́ ọ tó bá wù ú. Kó má rò pé tó bá ti gbọ́ ọ, ẹni tó ń bi í pé "níbo lo ti wá gan-an" máa dákẹ́.

Mọ́radékẹ́ Tallaght

Kúnlé, ẹnu yín wà lórí òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ mi. Gaelscoil ló ń lọ láti ọmọ ọdún mẹ́rin, ibi tí gbogbo ẹ̀kọ́ ti ń wáyé ní Áíríìṣì. Ilé-ìwé ló sún mọ́ wa jù, mi ò ní ọgbọ́n kan lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan dúró tì wá nínú ìlà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ń fi ohùn tí ẹ mọ̀ yẹn béèrè ibi tó ti wá. Ọmọ mi dá a lóhùn ní Áíríìṣì, ó gùn díẹ̀. Obìnrin náà pupa. Kò gbọ́ ọ̀kan. Ọmọ wá túmọ̀ rẹ̀ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ̀rín pa mí títí dé ilé. Mo mọ̀ pé kò yí òfin padà.

Alábòójútó

Mo ti yọ ìfèsì méjì kúrò. Ẹ jiyàn bó ṣe wù yín, ẹ má kan ìyá ẹnikẹ́ni.

SọjíD15, Dublin

Tèmi kọ́ ni wọ́n yọ o. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ Mọ́radékẹ́: Yorùbá ń kọ́? Ṣé ó gbọ́ ọ?

Mọ́radékẹ́ Tallaght

Ó gbọ́, kì í dáhùn. Ìyá mi ń bá a sọ ọ́ lórí WhatsApp ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá a lóhùn. Ẹ má fọwọ́ kan ojú egbò mi.

Bàbá Àgbà Cork

Ìbéèrè Sọjí ló dára jù láàárọ̀ yìí. Ìjọba Áyálándì ní owó, ní tíṣà, ní rédíò tirẹ̀ láti 1972 àti tẹlifíṣọ̀n láti 1996, síbẹ̀ ẹ rí iye tí ÒótọKorò kà. Ní 1935, wọ́n kó ìdílé 27 láti Conamara wá sí Ráth Chairn ní Meath, nítòsí Dublin, wọ́n fún wọn nílẹ̀ àti ilé, ọmọ wọn sì ṣì ń sọ ti Conamara níbẹ̀ dòní. Ohun tó gbé tiwọn ró ni pé wọ́n jọ wà pọ̀, wọ́n ń fi í ná ọjà, wọ́n ń fi í jà. Ẹ̀yin ìdílé Yorùbá mélòó lẹ wà ní Tallaght? Ẹ mélòó ló ń fi Yorùbá jà?

Ìyá Fèyí, Limerick

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ bàbá wọn, ó ní kí n sọ fún SọjíD15 pé òun fara mọ́ ọn. A ti bi ọmọ fúnra rẹ̀. Ó ní kí á gba ìwé ìyọ̀ǹda náà, ìṣirò ń dá òun láàmú. Ó tún wá ní ṣé òun lè máa jókòó ní kíláàsì Áíríìṣì nígbà míì, torí ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù wà. Mo máa bi ọ̀gá ilé-ìwé lọ́jọ́ Ajé. Fèyí ti wà lórí teanglann látàná, ti Ulster ló ń fi kí gbogbo wa káàkiri ilé, torí tíṣà rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, ẹnì kan sọ fún mi pé wọ́n ń gba ọmọ sí Conamara nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n lè kọ́ Áíríìṣì. Ṣé wọ́n á gba ọmọ ọdún 8?

Nọ́ọ̀sì Conamara

Ó kéré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbà á kó tó pé 10. Tó bá tó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á kó wọn sílé obìnrin àdúgbò kan, bean an tí ni wọ́n ń pè é, ìjọba náà máa ń san díẹ̀ fún un lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òun ló máa fún wọn lóúnjẹ, òun náà ló máa ṣọ́ ẹnu wọn, torí ọmọ tó bá ń tẹnu mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè dá a padà sílé. Ààyè tètè máa ń kún, ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ọdún Keresìmesì tó kọjá. Pòtétò ni wọ́n máa fún un jẹ lójoojúmọ́, ẹ di ata gígún díẹ̀ sínú báàgì rẹ̀.